Bí Èémí Ehoro Màmá Fadérera Ṣe Di Òwe

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu? Ẹ má wulẹ̀ máa họ orí bí ẹni tó fẹ́ rántí. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn máa ń pa á nígbà tí ẹ bá ń bá ẹbí ọkọ yín jà ni, ẹ ó sì mi orí bí ẹni tó gbọ́n. Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ ibi tó ti wá fún yín.

Ìlú tó ti ṣẹlẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ní àna níbẹ̀, mo sì ṣì fẹ́ máa jẹun nílé wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìlú tí wọ́n ti fẹ́ràn ẹran ni. N kò ní wọ́n fẹ́ràn àtimáa sìn ín o. Inú ọbẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀.

Nínú ìlú yìí ni opó kan wà tó ń jẹ́ Màmá Fadérera, aránṣọ tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká lọ sí ìlú òkèèrè. Ẹni kan ṣoṣo tó kù tó ń bá a gbélé ni ehoro funfun kan tó ń jẹ́ Àjàní. Bẹ́ẹ̀ ni, Àjàní. Màmá fún ehoro ní oríkì! Láàárọ̀, á bẹ̀rẹ̀ níwájú àgò, á ní, "Àjàní ọkọ mi, ṣé o jí ire?" Ehoro á mi etí, Màmá á ní òun ti gbọ́.

Wọ́n ti jọ gbé pẹ́ débi pé irun ẹnu Àjàní ti ń já, gbogbo ara rẹ̀ sì ti wúwo. Àwọn ará àdúgbò kì í rí i kí wọ́n má gbé itọ́ mì. Wọ́n á ní, "Màmá, ehoro yín yìí mà ti tó o." Màmá á bi wọ́n pé, "Ó ti tó kí ni?" Wọ́n á tún gbé itọ́ mìíràn mì, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún kan, tí èémí Àjàní bẹ̀rẹ̀ sí í le. Imú rẹ̀ dí, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń mí gúlegúle láìjẹ́ pé ó sáré. Bó bá sùn, ọ̀fun rẹ̀ á máa dún fée, fée, bí ìlẹ̀kùn tó ń wá epo. Ewé ọ̀dùnkún tó fẹ́ràn jù, kò wù ú jẹ mọ́. Ẹ̀rù ba Màmá gidigidi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá darúgbó, tí ohun kan ṣoṣo tó ń dá yín lóhùn nínú ilé bá ń wá èémí tì, ẹ ó mọ bó ṣe ń rí lára.

Màmá ké gbàjarè, àwọn ará àdúgbò sì ya wá. Ẹ wo àánú! Obìnrin kan gbé Àjàní sókè, ó gbé e wọ̀n lọ́wọ́, ó ní, "Ó mà ṣe o. Kò kúkú tíì rù." Ọkùnrin kan tẹ̀ ẹ́ nítan, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ lórí àìsàn. Èmi ò tíì rí ìlú tí wọ́n ti ń tẹ aláìsàn nítan kí wọ́n tó kí i.

Ni wọ́n bá ní kí Màmá ké sí Láṣebìkan tí wọ́n jọ pín ògiri. "Ọdẹ ni," wọ́n ní, "ó mọ ẹranko." Òótọ́ kúkú ni, Láṣebìkan mọ ẹranko. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tó mọ̀, kò sí ọ̀kan tó ṣì ń mí.

Láṣebìkan dé, ó wo Àjàní látòkè délẹ̀, ó tàka.

"Òtútù ló wọ̀ ọ́ lára, Màmá," ó ní. "Ọjọ́ orí sì tún ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n apá mi ká a."

"Láṣe ọmọ mi, gbà mí o," ni Màmá wí. "Ohunkóhun tó o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Ẹ gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ fún ọdẹ!

Láṣebìkan ní kí Màmá lọ atalẹ̀ pọ̀ mọ́ iyọ̀, kó fi pa Àjàní lára dáadáa, kó wọ inú awọ, nítorí iyọ̀ ló máa ń fa òtútù jáde. Màmá pa á. Ilẹ̀ mọ́, fée ṣì ń dún. Láṣebìkan ní òróró ló kù, kí ara rẹ̀ lè dẹ̀. Màmá fi òróró pa á lára. Ó ní kí wọ́n so àlùbọ́sà mọ́ ọn lọ́rùn, kó máa gbóòórùn rẹ̀ kí imú lè là. Màmá so ó. Ó ní ewé ẹfinrin nìkan ni kó máa jẹ, kó lè kún inú rẹ̀ dáadáa.

Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú, ó bi Màmá pé ta ló ń ṣe ìkómọ.

"Ìkómọ wo?" ni Màmá wí. "Àìsàn là ń wò níbí."

"Àìsàn yín mà ń ta sánsán o, Màmá," ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Màmá kò tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ìfẹ́ ti dí i nímú ju bí òtútù ṣe dí ehoro lọ.

Nígbà tó yá, Láṣebìkan ní ooru nìkan ló kù. "Ẹ gbé àgò rẹ̀ sẹ́bàá ààrò, Màmá. Ẹ má dá iná ńlá o. Kó máa rọra wọ̀ ọ́ ni."

Màmá gbé ẹni tí kò rí èémí mí lọ sídìí èéfín. Ohun tí Àjàní ń fẹ́ ni atẹ́gùn, iná ni wọ́n fún un. Fée yí padà, ó di hììì, hììì. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó na ọrùn, ó ń wá afẹ́fẹ́ bí ẹni tó bọ́ sódò.

"Láṣe, ó mà ń le sí i!" ni Màmá ké.

"Àìsàn tó fẹ́ lọ, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni Láṣebìkan wí. Ó yára gba ilé rẹ̀ lọ, ó gbé ìkòkò kaná.

Ẹ má bi mí pé kí ló fẹ́ fi ìkòkò ṣe. Ó ti lọ ata rodo mọ́ tàtàṣé, ó ti da irú sí i. Ó sì ti pín Àjàní tán lábẹ́lẹ̀: itan ọ̀tún fún lágbájá, orí fún làkáṣègbè, àyà fún ẹni tó mú igi ìdáná wá. Ẹni tí wọ́n pín náà ṣì ń mí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ni í lára.

Ibi tí Màmá ti ń fi abẹ̀bẹ̀ lé èéfín ni Àjàní ti sín lójijì. Ó sín sínú ààrò, eérú bú sókè, ó sì bò ó lójú pátápátá. Ehoro kò rí èémí, kò tún ríran mọ́. Màmá gbé e jáde nínú àgò, ó fẹ́ ẹ lójú títí, ṣùgbọ́n èémí arúgbó kò lè lé eérú. Ó figbe ta.

"Láṣebìkan o! Àjàní ń kú lọ! Wá bá mi fẹ́ ẹ lójú!"

Lásìkò yẹn gan-an ni Láṣebìkan ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó ti da ìgbakọ kan sẹ́nu. Ọbẹ̀ náà gbóná ju kó gbé e mì lọ, ó sì dùn ju kó tu ú dànù lọ. Bó ṣe gbọ́ pé Àjàní ń kú lọ, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré wá pẹ̀lú ẹnu tó kún dẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú.

"Fẹ́ ẹ lójú, ọmọ mi, tètè!"

Láṣebìkan mi orí. "Mm-mm."

"Kí ni mm-mm? Ṣé o ya odi ni?"

"Mm-mm!"

"Ẹ̀mí ń bọ́, o dúró ń wò mí lójú!" Màmá di orí rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ bá Àjàní, ó sì fi ọwọ́ aránṣọ gbá a lẹ́yìn gbàmù. Fùùù! Ata tú dà sí Àjàní lójú, ó wọ̀ ọ́ nímú, ó kún un létí.

Ehoro tó ti ń kú lọ bá fò sókè. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì gbá Láṣebìkan nímú, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, àlùbọ́sà ń jó lọ́rùn rẹ̀. Kò ríran, ìlẹ̀kùn tó kọ́kọ́ bá ló wọ̀. Ilé Láṣebìkan ni. Màmá gbá tẹ̀ lé e.

Ó bá ìkòkò lórí iná, ọbẹ̀ ń hó yee, kò sí ẹran nínú rẹ̀. Yíká ìkòkò náà ni gbogbo àwọn tó wá kí i kú àìsàn jókòó sí, abọ́ lọ́wọ́ kálukú. Àjàní dúró láàárín wọn, ó ń sín, ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀.

"A ní... a ní ká wá bá yín kẹ́dùn ni, Màmá," ni obìnrin kan wí.

"Pẹ̀lú abọ́?"

Màmá gbé Àjàní, ó bu omi tútù, ó ń fọ̀ ọ́ lójú. Ibi tó ti ń fọ̀ ọ́ ló ti fọwọ́ kan iyọ̀, ó fọwọ́ kan òróró, ó gbóòórùn atalẹ̀ àti ẹfinrin. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń se ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí! Inú bí i sí Láṣebìkan, ó sì bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ bá mi pe Baálé wá," ó ní. "Wọ́n á dá ẹjọ́ yìí lónìí."

Kò sí ẹni tó dìde. Gbogbo wọn kàn ń wo ẹ̀yìn ìkòkò omi. Baálé bá wú ikọ́, ó rọra yọ jáde láti ibẹ̀, ó káwọ́ méjèèjì sábẹ́ agbádá.

"Mo ti wà ńbí," ó ní. "Mo wá wo bí àdúgbò ṣe wà ni." Ó yíjú sí Láṣebìkan tó ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú imú wíwú. "Ìwọ! Kí ni Màmá ní kó o ṣe?"

"Wọ́n ní kí n bá àwọn fẹ́ ehoro lójú, Baálé."

"Kí lo wá fi sẹ́nu?"

Láṣebìkan fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè. "Ata ni, Baálé."

"Ata!" Baálé pariwo bí ẹni tí kò jẹ ata rí láyé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ìtìjú bá ká àgbà mọ́, òwe ló máa ń fi bora. Baálé na ọrùn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú..."

Ọwọ́ tó gbé sókè yẹn ló ti fi di abọ́ mú tẹ́lẹ̀. Abọ́ tánganran já bọ́ láti abẹ́ agbádá, ó yí gbirigbiri lọ sí iwájú Màmá, ó dojú dé.

"...ata ló fi sẹ́nu," ni Baálé fi parí rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Màmá he abọ́ náà, ó mú un lọ sílé. Ó wẹ Àjàní mọ́ tónítóní, ó gbé àgò rẹ̀ jìnnà sí iná, ó gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Èémí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Fée kò lọ tán, arúgbó ni arúgbó ń jẹ́, ṣùgbọ́n Àjàní padà sídìí ewé ọ̀dùnkún rẹ̀, abọ́ tánganran ló sì fi ń mu omi. Baálé kò wá béèrè rẹ̀.

Nítorí náà, bí ara yín kò bá yá, tí àwọn aládùúgbò bá wá kí yín, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì ní kí wọ́n káwọ́ sókè. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àwọn tó ń bá wa kẹ́dùn lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ ni wọ́n mú dání.