Kẹ̀kẹ́ Nọ́ọ̀sì Ń Rì

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Nọ́ọ̀sì wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ agun-òkè rẹ̀, èyí tó ní sípíríǹgì níwájú àti lẹ́yìn, kí ó sì tètè lọ sùn. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹgbẹ́ wọn yóò gbéra lọ sórí òkè, olórí ẹgbẹ́ sì ti sọ fún un láìfepobọyọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ti dúró dè é lásán, àwọn kò ní dúró lẹ́ẹ̀kẹta.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo wá gba kẹ̀kẹ́ mi."

"Ọmọ mi, jókòó."

Nọ́ọ̀sì mọ ohùn yẹn. Ohùn tí òun náà máa ń fi bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ nìyẹn, kí ó tó sọ ohun tí wọn kò fẹ́ gbọ́. Ó jókòó.

"Láti ìgbà wo lo ti ń gun kẹ̀kẹ́ yìí?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́jọ."

"Ṣé o ti ṣubú rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan, Bàbá. Àfọwọ́fà mi ni. Mò ń wo ẹyẹ."

Bàbá mi orí. "Kì í ṣe ẹyẹ. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yìí ti ṣẹ́. Mo rò pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ló ti ṣẹ́. Ọlọ́run ló kàn ń ṣọ́ ẹ."

Kí Nọ́ọ̀sì tó lanu, àlàyé ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n òun nìyí nídìí kẹ̀kẹ́, kò sì sí irú àìsàn tí kò tíì gba iwájú òun kọjá. Ó ní nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́rú, òun tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó rì. Òun tẹ iwájú, ó rì. Òun wá ṣèèṣì fọwọ́ kan irin tín-ín-rín kan lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, ni ìjókòó bá sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé sú. Ó ní ohun tó bá ń rì níbi mẹ́ta kì í ṣe kẹ̀kẹ́ mọ́, ọkọ̀ ojú omi ni, èyí tí kò dára nínú ọkọ̀ ojú omi sì ni.

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ó yẹ kó máa rì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ẹni tó tà á fún mi."

"Ẹni tó ní ọjà tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́, tó sì fẹ́ tà á, kí lo fẹ́ kó sọ?"

Bàbá dìde, ó mú aṣọ kan tó fi bo kẹ̀kẹ́ náà kúrò jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣí ojú ọmọ tuntun han àlejò. Sípíríǹgì pupa ńlá tó máa ń wà láàárín kẹ̀kẹ́ ti pòórá. Igi ló wà níbẹ̀. Igi náà kì í ṣe àgbékalẹ̀ lásán o. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ, wọ́n fá a, wọ́n kùn ún lóróró, ó ń dán. Òpó ìjókòó náà kò mì mọ́, Bàbá ti fi rọ́bà dè é yíká yíká bí ẹsẹ̀ tó rọ́.

"Bàbá, kí lẹ fi síbẹ̀ yìí?"

"Igi ni. Fún ìgbà díẹ̀ ni, má bínú. Wẹ́dà ń bọ̀ láago mẹ́rin, ojúlówó irin ni yóò wá fi jó o pọ̀. Bó bá ti fi lè jó o tán, kò sí ohun tó tún lè mì í mọ́ títí ayé."

Nọ́ọ̀sì wo aago ara ògiri. Ó ku àádọ́ta ìṣẹ́jú.

"Sípíríǹgì mi dà?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo fi ìwé ìròyìn wé e. N kò ní jù ú nù láìsọ fún ẹ. Ohun tí wọ́n bá yọ lára aláìsàn, ẹbí rẹ̀ ló ni ín."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè wo ìyókù, ojú rẹ̀ sì kan táyà. Ó béèrè ohun tó ṣe é tí ó fi mọ́ tónítóní báyìí. Ojú Bàbá là. Ó hàn pé ibi tó dùn mọ́ ọn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn. Ó lọ ti ilẹ̀kùn díẹ̀, ó padà wá, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ní ọ̀tá níbi iṣẹ́?"

"Ọ̀tá báwo, Bàbá?"

"Ẹnì kan da wàrà sínú táyà rẹ. Iwájú pẹ̀lú ẹ̀yìn. Bí mo ṣe tú u ni ó dà sí mi lẹ́sẹ̀, funfun báláú. Mo wá wo inú rẹ̀, kò sí túbù. Ẹni náà jí túbù lọ, ó fi wàrà dípò."

Nọ́ọ̀sì fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní kì í ṣe wàrà, oògùn táyà ni. Pé táyà náà kì í lo túbù. Pé bí ẹ̀gún bá gún un lórí òkè, omi funfun yẹn ni yóò sáré lọ dí ojú ihò náà, tí ẹni tó ń gùn ún kò tilẹ̀ ní mọ̀. Bàbá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń mi orí, ó ń wo ojú rẹ̀, bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tó sọ tán, Bàbá ní òun ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun sì ti fi túbù tuntun méjì sí i, kó fọkàn balẹ̀.

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣeun. Bíréèkì ẹ̀yìn tó ń ké ni mo tìtorí rẹ̀ gbé e wá. Ẹ ti bá mi ṣe é?"

"N kò fọwọ́ kàn án."

"Ẹ kò fọwọ́ kàn án?"

"Kẹ̀kẹ́ tí kò ní agogo, bí bíréèkì rẹ̀ kò bá ké, báwo làwọn èèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ò ń bọ̀?"

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun gbà pé iṣẹ́ ńlá ni Bàbá ṣe. Ó ní kí wọ́n kàn gbé sípíríǹgì fún òun bẹ́ẹ̀, òun á wá ẹni tí yóò bá òun dè é. Bàbá gbé àga rẹ̀, ó gbé e síwájú dúrọ́ọ̀, ó jókòó lé e. Ó ní òun kò bá a jà o, òun kàn fẹ́ sinmi ẹsẹ̀ ni.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ mi ni."

"Kẹ̀kẹ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣubú lọ́la, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tí o lọ wá lórí òkè. Ohun tí wọ́n á béèrè ni pé, ọ̀dọ̀ ta ló ti gbé kẹ̀kẹ́ yìí wá? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà kò lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi kí ìdí kẹ̀kẹ́ máa wọ́."

Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Agídí kọ́ ló wà níbẹ̀. Àyà ń já bàbá àgbàlagbà náà, nítorí Nọ́ọ̀sì ló sì ṣe ń já. Ó mọ̀ pé a kì í fi ariwo wo irú èyí sàn. Ó wo yíká, ó rí àpótí onígi kan tí Bàbá máa ń to sípánà sí. Ó kó àwọn sípánà náà sílẹ̀, ó dojú àpótí dé.

"Ẹ dákun, ẹ gun orí èyí."

"Kí n wá ṣe kí ni lórí rẹ̀?"

"Kí ẹ fò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ orúnkún o. Kí ẹsẹ̀ yín nà gbọnrangandan láti òkè délẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ẹ̀kọ́ ọmọléèwé ni. Ó gun orí àpótí náà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó wo ilẹ̀. Ó wò ó títí.

"N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé? Àpótí náà kò ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan."

"Gbogbo eyín ẹnu mi á dà sílẹ̀."

"Ó dáa, ẹ tẹ orúnkún."

Bàbá tẹ orúnkún, ó fò, ó balẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ológbò. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó gbọn ọwọ́ aṣọ rẹ̀.

"Bàbá, orúnkún yín rì."

"Ó gbọ́dọ̀ rì. Bí kò bá rì, á ṣẹ́."

Nọ́ọ̀sì wo dúrọ́ọ̀. Bàbá náà wo dúrọ́ọ̀. Ó ṣí fìlà, ó fi họ orí, ó dé e padà.

"Ohun tí ò ń sọ ni pé mo ti gé orúnkún kẹ̀kẹ́ yìí."

"Ẹ ti gé e, Bàbá. Ẹ sì fi ìwé ìròyìn wé e."

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan juwọ́ sílẹ̀. Bàbá ní àlàyé yẹn dùn létí, àmọ́ ìdí ẹni tó jókòó lé kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó jẹ́rìí. Ilé ìkàwé wà ní òdìkejì títì, àtẹ̀gùn mẹ́rin ló sì wà níwájú rẹ̀. Ó ní òun á fi kẹ̀kẹ́ onígi yìí sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ná, kí Nọ́ọ̀sì lè rí bí kẹ̀kẹ́ tó dúró ṣinṣin ṣe ń rìn.

Wọ́n sọdá, ó gun kẹ̀kẹ́ náà lórí àtẹ̀gùn. Ó sọ̀ kalẹ̀. Gbà, gbà, gbà, gbà. Fìlà kù sórí àtẹ̀gùn kejì, awò ojú rọ̀ sórí etí kan ṣoṣo, Bàbá fúnra rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, kò sì yí ọrùn sọ́tùn-ún tàbí sósì.

"Báwo ni, Bàbá?"

"Ó dúró ṣinṣin," ni Bàbá wí. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí. Ó tún awò ojú rẹ̀ gbé sípò, ó ní, "Ó dúró ṣinṣin jù."

Wọ́n padà sínú ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Bàbá ṣí dúrọ́ọ̀, ó tú ìwé ìròyìn, ó gbé sípíríǹgì pupa náà jáde. Ohunkóhun tí èèyàn bá fẹ́ wí nípa rẹ̀ kí ó wí, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó yọ igi, ó ki bóòtù méjì bọ ojú ihò wọn, ó fún wọn pa, ó já rọ́bà ara ìjókòó sọnù, ọwọ́ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí Nọ́ọ̀sì kò fi rí àyè ran án lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kàn fi hàn án pé irin tín-ín-rín tó wà lápá òsì ni a fi ń sọ ìjókòó kalẹ̀ kí a tó dojú kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ó má baà ti èèyàn síwájú. Bàbá ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó tún gun orí àtẹ̀gùn lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Nọ́ọ̀sì kò gbọ́ nǹkan kan. Àtẹ̀gùn mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ ń gba ìkọlù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e mì, Bàbá sì jókòó lókè bí ẹni tó ń kọjá lórí ẹní. Ó dé ìsàlẹ̀. Ó ti kẹ̀kẹ́ padà sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun ń yẹ bóòtù wò ni. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kò yẹ bóòtù wò. Ó gba etí títì lọ, ó ya igun ilé, ó sì di àwátì.

Nọ́ọ̀sì dúró láàárín ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kì í ṣe wẹ́dà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á.

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin lù nígbà tí bíréèkì kan ké lókèèrè, tí àwọn èèyàn yà sí méjì lójú títì, tí Bàbá sì gba àárín wọn bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó fi fa fóònù yọ.

"Wẹ́dà, má wulẹ̀ wá mọ́. Rárá, kò yí padà di ọ̀la. Irú kẹ̀kẹ́ yìí, a kì í jó o. Ta ló ní kí o wá jó o? Ẹnikẹ́ni tó bá rán ẹ níṣẹ́ yẹn, gbà mí gbọ́, kò mọ kẹ̀kẹ́."

Ó fi fóònù sápò, ó sì kọjú sí Nọ́ọ̀sì. Ó ní kó fetí sílẹ̀ dáadáa kí àwọn aláìmọ̀kan má baà tàn án jẹ. Ó ní irú kẹ̀kẹ́ báyìí gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ bí èèyàn bá jókòó lé e, kò gbọdọ̀ rì jù, kò sì gbọdọ̀ má rì, nítorí pé ohun tó bá tẹ̀ kì í ṣẹ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ni kì í gbọ́. Nọ́ọ̀sì, ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí dókítà gbà pé òun ló kọ́kọ́ ronú kan oògùn kan, dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, òun á máa rántí.

Ó gba ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, kò sì rọrùn kó tó gbà á. Ó gùn ún. Ẹ̀yìn rì díẹ̀, iwájú rì díẹ̀, ọkàn tirẹ̀ náà sì rọlẹ̀ wá sáàyè. Òwúrọ̀ ọ̀la ti di tirẹ̀. Kò tíì rìn ju ilé méjì lọ tí ó fi gbọ́ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn.

Ó wẹ̀yìn. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nídìí kẹ̀kẹ́ dúdú kan tí wọ́n ti tún ṣe, tí wọ́n ti nù, tó ń dán gbinrin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìjókòó rẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó dojú bolẹ̀ lé e lórí pẹ̀lú gbogbo ara, ó sì mi orí bí ẹni tí àánú ṣe.

"Ọmọ mi, bí o bá ń kọjá níwájú ilé oníbúrẹ́dì, bá mi sọ fún un pé kó má tíì wá gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àìsàn ńlá ló ń ṣe é: mo ti tẹ̀ ẹ́ títí, kò rì."