Bàbá Ọmọ Mẹ́sàn-án Kọ Fọ́ọ̀mù Kánádà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ó má baà dà bíi pé mo kórìíra ọkùnrin yìí: Àmúsà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í jalè, kì í mutí, ó ń kírun lásìkò. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní bíréèkì. Bí ó bá jẹ ẹyin kan láàárọ̀, kí oòrùn tó kàn àtàrí, gbogbo àdúgbò Moduganari á ti gbọ́ pé ó pa adìẹ mẹ́ta.

Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà ní Ọjà Monday, níbi tí bàbá rẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Maiduguri ti tà á kó tó kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìsọ̀ rẹ̀, ìkòkò kọ́ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn yín. Ọmọ ni. "Ọmọ mi mẹ́sàn-án!" ni yóò wí, yóò na ìka mẹ́sàn-án sókè, yóò ká àtàǹpàkò kan mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ìyẹn ń dúró de ìkẹwàá.

Mẹ́sàn-án wo? Méjì péré ni Mùínátù ìyàwó rẹ̀ bí fún un: Zainudeen, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àti Humaira, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwọn méje yòókù jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, àti ọmọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé agbègbè yẹn, tí wọ́n gba ilé rẹ̀ kọjá. Òmíràn lo ọdún méje níbẹ̀. Òmíràn wá ṣe ìdánwò, ibà dá a dúbúlẹ̀, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Àmúsà ka gbogbo wọn. Òótọ́ ni pé nílé wa, a kì í ya ọmọ tí a tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí a bí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ibà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di bàbá?

Mùínátù, nọ́ọ̀sì ni. Ó ti lo oṣù mẹ́rìndínlógún ní Kánádà, níbi tí ilé ìwòsàn kan ti gbà á síṣẹ́, ó sì ku ìwé tí yóò fi kó ọkọ àti ọmọ lọ bá a. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá Zainu, ẹ jẹ́ kí n gbé fọ́ọ̀mù yìí fún agbẹjọ́rò kan níbí."

"Agbẹjọ́rò kẹ̀? Èmi tí mo ti kọ fọ́ọ̀mù Mẹ́kà fún ìdajì Moduganari?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́ fún. Ọkùnrin náà ṣì wà nílé títí di òní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ti rẹ Mùínátù, kò jiyàn mọ́.

Báyìí ni Àmúsà ṣe gbéra lọ sí kafé Olúwakẹ́mi, lẹ́bàá 1000 Housing Estate. Olùkọ́ ni obìnrin ará Èkìtì yìí tẹ́lẹ̀, kó tó ra kọ̀ǹpútà méjì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ yẹn, ta ló tún wà níbẹ̀ tó ń ṣe fótókọ́pì bí kò ṣe Déwálé, tó ń ta ẹ̀rọ ìgbaná fóònù ní ìsọ̀ tó kángun sí ti Àmúsà, tí etí rẹ̀ sì gbòòrò ju ìsọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ọmọ mélòó lẹ ní, sà?" ni Olúwakẹ́mi bèèrè.

Àmúsà rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ṣé wọ́n ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?"

"Èmi kọ́ ló ń kà á, sà. Fọ́ọ̀mù ni."

Déwálé gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹ sọ fún wọn ná, Bàbá Mẹ́sàn-án."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Ká ní Déwálé ò sí níbẹ̀, Àmúsà ì bá sọ méjì, ayé ì bá sì gún. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà ní kafé lọ́jọ́ yẹn o, iye ọmọ sì wọ́.

"Mẹ́sàn-án," ni Àmúsà wí.

"Ẹ̀yin lẹ bí gbogbo wọn?"

"Ta ni ì bá tún bá mi bí wọn?"

Olúwakẹ́mi wò ó títí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bèèrè ìwé ìbí, Àmúsà mú méjì jáde, ó ní méje yòókù ń bọ̀ lọ́nà. Obìnrin náà kìlọ̀ fún un pé àwọn ará Kánádà ò mọ àwàdà. Àmúsà ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, Déwálé ti gbé e káàkiri pé Àmúsà ń kó ọmọ mẹ́sàn-án lọ sí Kánádà. Ẹni tó bá gbọ́n á ní irọ́ ni. Àmúsà gbọ́, ó yọ fìlà, ó tún un dé, ó ní, "Tí bàálù bá ṣáà ti lè gbà wá."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀bi ẹnu rẹ̀ ni. Sàlímọ́tù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, gbé àwo kílíṣí kan, ẹran gbígbẹ àwọn Hausa, wá kí i, nítorí Muaz ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́sàn-án. Àmúsà jókòó, ó jẹ kílíṣí náà tán, ó sì ṣàdúrà sí i. Muaz fi mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tọrẹ, ó ń sùn lórí ẹní, ó ń dúró de bàálù. Níyìọlá, tí òun náà wà lára wọn, ńkọ́? Níyìọlá jẹ́ tíṣà ní Dalori, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, irùngbọ̀n rẹ̀ kún ju ti Àmúsà lọ. Ó lọ ra kóòtù òkìríkà kan tó nírun lọ́rùn, ó ń wọ̀ ọ́ kọ́ni nínú ooru oṣù kẹrin ní Maiduguri, kí ó lè mọ́ ọn lára kí òtútù tó dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dákú níwájú pátákó.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ ti Àmúsà ò lo ju oṣù mẹ́ta lọ, orí ímeèlì ló sì gbà wá. Mùínátù ni wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí. Ọ̀sán gangan ló pe ọkọ rẹ̀, ó bá a ní ìsọ̀.

"Àmúsà."

Àmúsà wo fóònù náà bóyá ẹlòmíràn ló ń pè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Zainudeen, Bàbá Zainu ni Mùínátù ń pè é, ẹ̀yin ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ta ni ìyá àwọn ọmọ méje?"

"Ọmọ wo?"

"Àwọn ará Kánádà ló ń bi mí. Wọ́n ní kí n fi ìwé ìgbéyàwó ìwọ àti àwọn ìyá wọn ránṣẹ́. Ìyàwó mélòó lo ní, Àmúsà?"

"Mùínátù, ọmọ ẹbí ni wọ́n! Muaz ni, Níyìọlá ni..."

"Níyìọlá! Wọ́n ti ṣírò ìyẹn náà. Wọ́n ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà tí o bí Níyìọlá. Tó bá sì jẹ́ pé èmi ni ìyá rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí. Wọ́n ní ká ṣàlàyé."

"Ká ṣàlàyé kí ni?"

"Bí a ṣe ṣe é!"

Láti ìsọ̀ kejì, níbi tí ohùn fóònù náà ti ń dé etí rẹ̀, Déwálé bú sẹ́rìn-ín. Àmúsà fẹ́ wá nǹkan sọ, àmọ́ Mùínátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹnu ọkùnrin náà sì kú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wa," ni obìnrin náà wí. "Tó bá kọjá, wọ́n á ti fáìlì náà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lánàá, Humaira ní, 'Mama, yaushe za ki dawo?' Ó ń bi mí ìgbà tí mo máa padà wálé. Mo ní láìpẹ́. Lọ́dún tó kọjá, láìpẹ́ náà ni mo sọ. Kò tiẹ̀ fi Yorùbá bi mí mọ́. Ṣé o fẹ́ kó gbàgbé ojú mi náà ni?"

Ó pa fóònù. Ojú ti Àmúsà, ó dùn ún dé egungun. Ó fẹ́ràn obìnrin yẹn. Ó ti ìsọ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ó gba ọ̀nà kafé lọ.

Olúwakẹ́mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní "ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀." Ìyẹn gan-an ló jọ mí lójú lára obìnrin yìí.

"Ẹ máa lọ sí kóòtù, sà. Ẹ máa búra pé ẹ̀yin kọ́ lẹ bí àwọn méje wọ̀nyí. Èyí tó bá ti dàgbà nínú wọn á fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá tíì dàgbà, òbí rẹ̀ á fọwọ́ sí i."

Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí? Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá kó ọmọ jọ ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti dá wọn padà. Ọ̀dọ̀ Sàlímọ́tù ló kọ́kọ́ yà.

"Ọmọ tó o ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí," ni Sàlímọ́tù wí, "òní lo wá mọ̀ pé kì í ṣe tìẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi."

"Kílíṣí mi ńkọ́?"

"Mo ti jẹ ẹ́, mà."

"Ṣé mi ò mọ̀ pé o ti jẹ ẹ́ ni!" Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Màá fọwọ́ sí i nítorí Mùínátù. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ń lọ sí kóòtù náà. Ní gbangba lo ti pè wọ́n lọ́mọ, ní gbangba ni wàá ti kọ̀ wọ́n."

Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Lọ́jọ́ Tuesday, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan kó ọmọ méje, òbí mẹ́rin, àti Déwálé tí ẹnikẹ́ni ò pè, ó já wọn sílẹ̀ ní kóòtù. Níyìọlá wọ kóòtù òkìríkà rẹ̀. Ó ní òun ò rí ibòmíràn wọ̀ ọ́ lọ mọ́.

Akọ̀wé tó ń gba ìbúra, Mark lorúkọ rẹ̀, kì í jẹ́ kí ènìyàn búra sí ìwé tí òun ò tíì kà sí i létí. Ohùn rẹ̀ ò sì nílò gbohùngbohùn. Ó kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún tú u sí Hausa, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń gbọ́: Àmúsà búra pé òun kọ́ lòun bí Muaz. Àmúsà búra pé òun kọ́ lòun bí Zulaihat. Nígbà tó fi máa dé orí ìkẹrin, gbogbo àwọn tó wá ṣe tiwọn ti yíjú padà.

"Haba, Malam!" ni bàbá arúgbó kan kígbe. "Bakwai? Méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Allah ya isa!" ni obìnrin kan wí, ó fi Àmúsà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó sì fa ọmọ tirẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé àrùn náà ń ràn.

Ìgbà yẹn ni Mark pe orúkọ Níyìọlá. Níyìọlá dìde nínú kóòtù onírun rẹ̀, òógùn ń ṣàn gba inú irùngbọ̀n rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Bàbá! Bàbá mi! Kí ni mo fi ṣe yín?"

Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn kan ń fún Níyìọlá lómi, àwọn kan ń fẹ́ ẹ, bàbá arúgbó náà ń na ọ̀pá sí Àmúsà, ó ń kìlọ̀ pé kó bẹ̀rù Ọlọ́run, "Ka ji tsoron Allah!" Àmúsà ń pariwo pé ọmọ ẹbí ni wọ́n, kò sẹ́ni tó gbọ́. Níkẹyìn, ó gun orí àga, ó fi Hausa ké tòò, ó ní irọ́ lòun ń pa tẹ́lẹ̀, pé òun kàn ń fi ọmọ ọlọ́mọ yangàn ni, pé ọmọ méjì péré lòun bí láyé òun.

Mark wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìyẹn nìkan ni?" ló wí, ó lu òǹtẹ̀.

Lọ́jọ́ kan náà, Olúwakẹ́mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó kọ lẹ́tà àlàyé. "Ọmọ mélòó, sà?"

"Méjì."

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa."

"Méjì! Méjì! Méjì!"

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọgbọ̀n ọjọ́ pé nígbà tí lẹ́tà náà lọ.

Wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ẹ bá mi kí Àmúsà kú ìrọ́jú, nítorí láàárín ìgbà yẹn kò yangàn lẹ́ẹ̀kan. Bí oníbàárà bá bi í léèrè ọmọ, á nawọ́ sí ìkòkò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mùínátù fóònù pé èsì ti dé, pé kó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, òun ò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bàbá Zainu ló tún pè é. Àmúsà sáré dé kafé, ó bá Déwálé, Sàlímọ́tù, àti Níyìọlá tó ti ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀. Maiduguri ò fi nǹkan pamọ́.

"Wọ́n ti gbà!" ni Olúwakẹ́mi kígbe.

Sàlímọ́tù hó yèè, Níyìọlá gbé Àmúsà sókè, omi bọ́ lójú Àmúsà, kò sì nù ún. Olúwakẹ́mi ń ka ìwé náà lọ fún wọn. "Ẹni tó ń kó ẹbí wá: Mùínátù. Iye àwọn tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀: mẹ́ta."

"Mẹ́ta kẹ̀!" Àmúsà já bọ́ sílẹ̀. "Wọ́n ti ṣe àṣìṣe! Màdáámù, ẹ tètè kọ lẹ́tà sí wọn. Méjì ni! Mo búra ní kóòtù, gbogbo ayé rí mi!"

"Ẹ fara balẹ̀, sà. Zainudeen. Humaira."

"Méjì nìyẹn! Ta ni wọ́n tún fi kún un? Níyìọlá, ṣé o tún ti fi orúkọ ránṣẹ́ ni?"

Olúwakẹ́mi yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi ìka sí ìlà tó kẹ́yìn. "Ẹ̀yin ni, sà."

Àmúsà ka orúkọ ara rẹ̀. Ó tún un kà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ orúkọ Humaira.

Déwálé ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ kú oríire, ọmọ Mùínátù. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ máa gbọ́rọ̀ sí màmá lẹ́nu o."