Àlejò Tó Ní Òun Ti Yó

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Bí oúnjẹ bá ti pẹ́ díẹ̀ níbi ìpàdé, ẹ ó ti pa á, ẹ ò sì bi ara yín rí pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, báwo lebi ṣe pa á tó kó tó sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín máa ní òwe náà ti wà kí ilé ìwé tó dé ilẹ̀ wa. Ṣé onítọ̀hún wà níbẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n lọ sinmi. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọ̀dọ̀ Tíṣà Àdùbí lòwe yìí ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Òkè-Apá. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń fa eruku ṣọ́ọ̀kì símú. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún a máa dún bó bá fẹ́ jókòó, a tún máa dún bó bá fẹ́ dìde. Kò wá nǹkan kan mọ́ láyé ju pé kó lo ọdún méjì tó kù, kó fẹ̀yìn tì, kó sì máa sùn títí oòrùn á fi wọlé bá a lórí ẹní.

Ibi tó ti ń ka ọjọ́ ni lẹ́tà ti dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ojú ìwé mẹ́ta gbáko. Wọ́n ní ètò tuntun ti dé. Láti ìsinsìnyí lọ, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ jókòó gbagidi kọ́ ìwé mọ́. Kí wọ́n máa fò ka ìṣírò, kí wọ́n máa na apá na ẹsẹ̀ kọ́ lẹ́tà. Kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ tó ń ṣara lóore, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹyin àti èso. Kí ìdárayá máa ṣáájú, kí oúnjẹ tẹ̀ lé e ní aago mẹ́wàá.

Tíṣà Àdùbí kà á, ó tún un kà, ó mí kanlẹ̀. Irú rẹ̀ ti ṣojú rẹ̀ rí. Ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn kíláàsì ṣojú rẹ̀. Ewúrẹ́ ìlú ló jẹ èrè ibẹ̀. Ọdún tí wọ́n pín búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín náà ṣojú rẹ̀. Àwọn ìyá ọmọ ló fi í fọ bàtà. Ètò a máa dé tìlù-tìfọn, a sì máa lọ láì dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ojú ìwé kẹta ló mú un jókòó. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá alábẹ̀wò ń bọ̀ ní oṣù mẹ́ta òní, ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá. Bí ohun tó bá bá níbẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á ti ilé ìwé Òkè-Apá pa, wọ́n á sì da àwọn ọmọ ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Ìdí-Ọsàn. Òdìkejì odò Ọ̀níyọ̀ sì ni Ìdí-Ọsàn wà. Odò náà kò ní afárá. Bó bá di oṣù kẹsàn-án, màlúù ló ń gbé lọ. Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà lọ́wọ́ Tíṣà Àdùbí, ẹlòmíràn nínú wọn ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ilé ìwé òun, ìdajì wọn ò ní fojú kan ìwé mọ́, ìdajì tó kù á sì máa fi ẹ̀mí wewu lójoojúmọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù wá tún bà á, èyí ò dáa fún ẹni tó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún.

Ló bá ká ìró sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Orúnkún rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín o. Bó bá fò lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ á ní "mẹ́ta!" Bó bá tún fò, wọ́n á ní "mẹ́fà!" Nígbà tó bá di mẹ́sàn-án, á di ògiri mú, á ní kí wọ́n máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ káàkiri pápá. Bó bá sì di aago mẹ́wàá, Ìyá Ràbíátù, obìnrin tó ń dáná fún wọn, á lu agogo, wọ́n á jẹ ẹ̀wà, wọ́n á jẹ ẹ̀fọ́, wọ́n á padà sí kíláàsì.

Ohun tó ya Tíṣà Àdùbí lẹ́nu ni pé ètò náà ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹta tó ń jẹ́ Kíkẹ́lọmọ. Kí ètò yìí tó dé, bí aago mọ́kànlá bá ti lù, orí rẹ̀ á ti sùn sórí tábìlì. Ní báyìí, òun ló ń fò ṣáájú, òun ló ń dáhùn ṣáájú, kódà ó ń ṣe ìlọ́po mẹ́sàn-án láì wo ọwọ́ rẹ̀. Inú Tíṣà Àdùbí dùn dé ibi pé ó gbàgbé orúnkún rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́bọ̀ náà dé. Tíṣà Àdùbí ti ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé kí wọ́n má fún ọmọ lóúnjẹ àárọ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè fi inú òfìfo gba ti ilé ìwé, kí àlejò rí i pé wọ́n ń jẹun dáadáa. Òun gan-an ò jẹ nǹkan kan. Ìyá Ràbíátù ní tiẹ̀ dáná bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Ó se ẹ̀wà olóyin, ó da epo sí i, ó rún ẹja gbígbẹ sí i. Ó se tẹ̀tẹ̀, ó se ẹyin, ó gé ìbẹ́pẹ sínú àwo ńlá. Kí aago mẹ́wàá tó lù, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ọgbà kan.

"Tíṣà, ṣé kí n máa bù ú?"

"Ẹ má tíì bù ú, Ìyá Ràbíátù. Àlejò ò tíì dé. Ẹ fẹ́ kó wá bá àjẹkù nínú ìkòkò ni?"

"Ó tì o." Ìyá Ràbíátù dé ìkòkò padà. "Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án títí àlejò á fi jẹun."

Aago mẹ́wàá lù, àlejò ò dé. Tíṣà Àdùbí ní kí àwọn ọmọ tún fò díẹ̀ sí i. Aago mọ́kànlá lù. Wọ́n fò ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n fò ìlọ́po márùn-ún. Nígbà tó di aago méjìlá, kò sí ìlọ́po tó kù láti fò, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọjú sí ọ̀nà. Bí wọ́n bá fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo wọn á ti kọjú sí ilé ìdáná, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n yí.

Aago kan ku díẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnmádé, ọ̀gá alábẹ̀wò, tó yọ lókèèrè pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ ọ́fíìsì ti kú sójú ọ̀nà. Ọ̀kadà tó gùn lẹ́yìn náà, táyà rẹ̀ jò. Láti ìdájí, kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu ju omi lọ, eruku sì ti bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Bó ṣe wọ ọgbà, òórùn ẹ̀wà pàdé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Tíṣà Àdùbí wí, ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún yín lóúnjẹ."

"Rárá o, mà. Inú mi kún. Iṣẹ́ ló gbé mi wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ kàn tọ́ ọ wò."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Mo ti yó bámúbámú."

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ àlejò lẹ́ẹ̀kíní, á ní òun ti yó. Bí wọ́n bá tún fi lọ̀ ọ́, á ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni yóò wá rọra ní, "Ó dáa, ẹ bu díẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé mo kọ tiyín." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnmádé ń dúró dè. Ó ti gbé itọ́ mì sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n láti aago méje ni Tíṣà Àdùbí ti wà lórí ìdúró, ó ti fò, ó ti kúnlẹ̀, kò sí okun fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta lára rẹ̀ mọ́.

"Ó dáa, sà," ló wí. "Ẹ máa bọ̀ nínú kíláàsì nígbà náà."

Ojú Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnmádé fà ro. Àlejò ò jẹ, ọmọ ò gbọ́dọ̀ jẹ. Gbogbo wọn wọ kíláàsì lọ bí ẹni tó ń lọ sin òkú.

Ó jókòó, ó ṣí ìwé àbọ̀ ìbẹ̀wò rẹ̀, ó ní kí Kíkẹ́lọmọ dìde. "Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́ta, mélòó ni?"

Kíkẹ́lọmọ fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di tábìlì mú. "Ẹyin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, sà."

"Mi ò ní ẹyin."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó wà nílé ìdáná."

Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnmádé gbé itọ́ mì. Ó yíjú sí ọmọ mìíràn. "Mo ní ọsàn mẹ́wàá, mo fún ọ̀rẹ́ mi ní mẹ́rin. Mélòó ló kù?"

"Kò ku nǹkan kan, sà. Mo ti jẹ ẹ́."

"Ó dáa. Gbogbo yín, ẹ fọwọ́ hàn mí, níbo loòrùn ti ń yọ?"

Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta na ọwọ́ sí ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀ oòrùn sì ni ilé ìdáná wà. Tíṣà Àdùbí bojú. Ó ń rí odò Ọ̀níyọ̀, ó ń rí Kíkẹ́lọmọ létí rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé lórí. Ó fẹ́ sọ pé àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n, pé ní Ọjọ́rú wọ́n mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó lanu, inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì kígbe débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́.

Ọ̀gá alábẹ̀wò kọ̀wé, ó kọ̀wé, kò wojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó dìde láti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìlera. "Ẹ̀yin ọmọ, oúnjẹ tó ń ṣara lóore ló ń jẹ́ kí ọpọlọ jí pépé. Bí àpẹẹrẹ, ẹ̀wà. Ẹ̀wà olóyin… tí epo rẹ̀ yọ sójú… tí wọ́n rún ẹja gbígbẹ…" Kò rántí ohun tó kù. "Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe ìdárayá ìkẹyìn," ló wí. "Ẹ tò sẹ́yìn mi. Ẹ yan!"

Wọ́n ń yan yí pápá po, òun níwájú, àwọn ọmọ láàárín, Tíṣà Àdùbí lẹ́yìn pẹ̀lú orúnkún rẹ̀. "Léfù, ráìtì! Léfù, ráìtì!" Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dé iwájú ilé ìdáná, ó kàn yí ọrùn síbẹ̀ ni. Nígbà kejì, ó fẹsẹ̀ falẹ̀. Nígbà kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà láì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ìlà yà tẹ̀ lé e, wọ́n yan wọ inú ilé ìdáná. Ó nawọ́ sí ọmọrí ìkòkò.

Ìyá Ràbíátù fi ṣíbí ìdáná dènà. "Ẹ gbọ́wọ́ kúrò! Àlejò ò tíì jẹun."

"Ìyá wa, èmi ni àlejò náà."

"Irọ́ ni. Àlejò ti yó. Ibí ni mo wà tí mo gbọ́ ọ. Ó ní bámúbámú."

Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnmádé, ọ̀gá alábẹ̀wò gbogbo ilé ìwé agbègbè, wo ṣíbí ìdáná, ó wo ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá wa, irọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìyá Ràbíátù bi í. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí àlejò fi ní bẹ́ẹ̀ ni.

Fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ìyá Ràbíátù ń bù ú, gbogbo wọn ń jẹ ẹ́. Tíṣà Àdùbí jókòó sórí igi ìdáná, ó jẹ àwo méjì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹ̀fọ́, kò sì nù ún. Lẹ́yìn náà ni Kíkẹ́lọmọ nu ẹnu, ó dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. "Sà, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lásán. Kò sí ẹyin níbẹ̀." Èyí tó jẹ ọsàn náà ní mẹ́fà ló kù. Wọ́n bi wọ́n níbi tí oòrùn ti ń yọ, gbogbo wọn kẹ̀yìn sí ilé ìdáná, wọ́n na ọwọ́ síbi tó tọ́.

Inú ọ̀gá alábẹ̀wò dùn. Ó ṣí ìwé àbọ̀ ìbẹ̀wò rẹ̀ láti ka ohun tó ti kọ nígbà tí ebi ń pa á. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìmọ̀ àwọn ọmọ, ó ti kọ ọ́ pé: *Ó jinná dáadáa.* Níbi tí wọ́n ti béèrè nípa olùkọ́: *Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé.* Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe sí ilé ìwé náà: *Ẹ bù ú sí i.* Ìwé ìjọba sì ni, nọ́ńbà wà lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kò ṣeé ya. Ó ronú títí. Nígbà tí kò rí ọgbọ́n mìíràn dá, ó kọ àlàyé kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó sì lọ.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé. Wọ́n ní wọn ò ní ti ilé ìwé Òkè-Apá pa mọ́. Wọ́n tún fi òfin kan kún un fún gbogbo ilé ìwé agbègbè náà: aago mẹ́wàá loúnjẹ, àlejò ìbáà dé, kó má dé. Tíṣà Àdùbí kà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó mí kanlẹ̀, ó lọ sùn lọ́sàn-án gangan.

Ẹ ní kí n wá jẹun? Rárá o, inú mi kún. Ẹ má ṣèyọnu, mo ti yó. Kí lẹ wá dákẹ́ sí? Ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ bi mí. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí ọ̀gá alábẹ̀wò kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, èmi náà sì fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ẹ̀wà olóyin ni mi ò ti rántí nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́. Ahá! Ẹ ṣeun, ẹ bù ú kó kún. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.