Ọjọ́ Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Jọba ní Kakpagyili

Sàlámì Àkànní, ọmọ atàdáà-ṣọlá, ọmọ Ìlọrin Àfọ̀njá ẹnu dùn ún juyọ̀! Òun lọ̀gá mi. Bí mo ṣe ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ yìí, ọjọ́ kan kọ̀, kò kúrò lọ́kàn mi.

Yàrá kan la ní ní Aboabo, ní Tamale nílẹ̀ Gánà, láyé òyìnbó. Àwọn oníṣòwò a máa kó ìwé ọjà wọn wá, ká bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ká ṣírò èrè àti àdánù. Ọwọ́ mi yá, mi ò sì í ṣì í. Mo wá ní kí Sàlámì jẹ́ ká jọ ní iṣẹ́ náà.

Ó ní, “Ìṣírò nìkan kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jókòó gbọ́dọ̀ lè mú oníbàárà wá. Lọ bá Alásán tó ń ra òrí ní Kakpagyili. Ṣó o gbọ́ Dàgbánì?”

“Dàgbánì kẹ̀? Mo gbọ́ ọ!”

Irọ́ kọ́ o. Tí wọ́n bá kí mi lọ́jà, “Naa” ni mo fi ń dá wọn lóhùn, wọ́n á sì máa lọ. Èmi rò pé gbogbo èdè náà nìyẹn.

Alásán kí mi, mo ní, “Naa.” Ó béèrè ilé, “Naa.” Orí mi wú. Ó tún béèrè nǹkan kan tí mi ò gbọ́, mo fi gbogbo ẹnu dáhùn: “Naa!”

Màmúnà ìyàwó rẹ̀ faṣọ bo ẹnu, ó tẹ́ awọ màlúù fún mi. Mo jókòó, mo nasẹ̀. Alásán lóṣòó níwájú mi, ó yí sí Haúsá: “Ráńkà-dédé, ẹṣin yín dà? Ṣé ẹsẹ̀ lọba fi rìn wá láti Aboabo ni?”

Haúsá ni mo gbọ́ dáadáa! Àṣé ta ni mí ló bi mí, àṣé “Naa” náà ni wọ́n ń pe ọba, orí awọ lọba wọn sì ń jókòó. Mo fò dìde, awọ kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo fàyà lé igbá fùrá mímu tí Màmúnà gbé kalẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Aboabo tí mo ròyìn, Sàlámì rẹ́rìn-ín títí. “Kábíyèsí, ó tún kù díẹ̀ o. Gbogbo ọjọ́ ọjà, lọ jókòó ti Alásán. Má mú gègé dání. Ẹnu ni kó o lọ kọ́.”

Inú bí mi, àmọ́ mo lọ. Díẹ̀díẹ̀ èdè náà wọ̀ mí lẹ́nu, Alásán di oníbàárà wa. Lọ́jọ́ náà Sàlámì sún lórí ẹní rẹ̀: “Bọ́ síbí, ẹnìkejì mi.”

Ẹni tó mọ owó tí ò mọ olówó, ìdajì iṣẹ́ ló mọ̀. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ Alámìísì la sin Sàlámì.