Ààwẹ̀ Ẹ̀dọ̀ Tí Kò-Le-Rárá Gbà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àìsàn tó ń ṣe aládùúgbò mi fún yín, kí ẹ má baà rò pé sísanra ni. Sísanra kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èmi náà kì í ṣe ẹyọ ìgbálẹ̀. Àìsàn tirẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ní fọwọ́ gbá a dànù pé, "Kò le rárá." Ẹ ní ẹnì kan fẹsẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, á ní kò le rárá. Ẹ ní obìnrin kan bí ìbẹta, á ní kò le rárá, bí ẹni tó ti bí mẹ́rin rí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Kò-Le-Rárá, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn, torí ó rò pé oríkì ni.

Aránṣọ ni. Èmi ń tún bàtà ṣe. Pátákó kan péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi, pátákó náà sì ti là lápá kan, ihò ibẹ̀ gba ọwọ́ ènìyàn. Ohun tí mo bá rí láti ibi ihò yẹn, ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún mi.

Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti ń kọ iṣẹ́. Bó bá ran aṣọ kan, á sinmi bí ẹni tó ran mẹ́wàá. Bó bá sùn, èémí rẹ̀ á dáwọ́ dúró láàárín oorun, ìyàwó rẹ̀ á mì ín jìgìjìgì kó tó tún mí. Ọdún mẹ́ta ni ìyàwó wa ò fi sùn dáadáa, tó ń fetí sí èémí ọkọ bí ẹni tó gbé mílíìkì sórí iná. Dókítà wá sọ fún wọn pé àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i níkùn kó lè fọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúnkún yẹn máa yọwọ́ níṣẹ́, èémí yẹn náà sì lè gbàgbé àtipadà lọ́jọ́ kan. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi dúró kó tó kàn án.

Nígbà tó kàn án, dókítà onóúnjẹ pè wá jókòó. Mo ní "wa" torí pé èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ, èmi ni mò ń gbé báàgì. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó ní ẹ̀dọ̀ ló bo àpòlùkù mọ́lẹ̀, bí ẹ̀dọ̀ bá sì tóbi, tó kún fún ọ̀rá, ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ò ní lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko mu omi ọbẹ̀ tí kò lépo, mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá inú rẹ̀, àti ewébẹ̀ díẹ̀, ẹ̀dọ̀ á súnkì. Kò gbọdọ̀ sí búrẹ́dì, kò gbọdọ̀ sí ṣúgà, kò gbọdọ̀ sí ohun díndín. Ó fún un ní ìwé pélébé kan, kó máa kọ ohun tó bá jẹ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó sì kìlọ̀ pé bí ẹ̀dọ̀ ò bá súnkì, ẹ̀yìn ìlà ni wọ́n máa dá a padà sí.

"Ọ̀sẹ̀ méjì?" ni Kò-Le-Rárá wí. "Ẹ ò bá tiẹ̀ fún mi ní oṣù kan. Kò le rárá."

Nọ́ọ̀sì àgbà kan gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó kọ kílò rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó wa ní òun náà fẹ́ mọ tòun, ó gòkè. Èmi náà gòkè, ọ̀fẹ́ ṣáà ni. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó kọ ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú ìwé kan náà. Kí n tiẹ̀ mọ̀ ni, ilẹ̀ ni mo bá dúró sí jẹ́jẹ́.

Lójú ọ̀nà ilé, ìyàwó wa sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ò lè máa dín ẹyin kí òun máa jẹ ẹ́ lójú ẹ̀ kó máa wo òun lẹ́nu. Ó ní ohun tó bá ń mu lòun náà á máa mu. Ọkọ ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti pinnu.

Ọjọ́ kìíní, gbogbo ẹni tó wá gba aṣọ ló gbọ́ ìwàásù. Kò-Le-Rárá ní inú ọkàn ni ebi wà, kò sí nínú ikùn. Ó ní àwọn tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ò lè kó ara wọn níjàánu. Obìnrin kan tó ń jẹ bisikíìtì wọlé wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀, ó bá a wí títí ojú fi ti obìnrin náà, ó gbé bisikíìtì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo máa fojú sí ihò, mi ò rí bisikíìtì náà mọ́.

Ẹni tó bá ti bá aránṣọ gbé ẹ̀gbẹ́ fún ọdún mọ́kànlá á mọ ohùn máṣíìnì. Bí aṣọ bá wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, á máa lọ, á máa dúró, torí aránṣọ á yí kọ́nà apá, á yí kọ́nà ọrùn. Bí kò bá sí aṣọ níbẹ̀, á kàn máa sáré gbuurugbuuru ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gbuurugbuuru. Mo fojú sí ihò. Ẹsẹ̀ Kò-Le-Rárá ń tẹ máṣíìnì, ẹnu rẹ̀ ń lọ búrẹ́dì. Ó ń fi ariwo máṣíìnì bo ariwo ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣẹ́tí aṣọ lẹ́yìn kọ́tìnì má baà gbọ́. Ẹ gbọ́ ná, orúnkún tí ò lè tẹ máṣíìnì fún oníbàárà, níbo ló ti rí okun tó fi ń tẹ̀ ẹ́ fún búrẹ́dì?

Ojú wa pàdé. Ó gé búrẹ́dì sí méjì, ó na ìdajì gba inú ihò sí mi. Ẹ̀yin ń retí kí n kọ̀ ọ́. Ẹyin díndín wà láàárín rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀: búrẹ́dì wọnú, ọ̀rọ̀ ò sì rí ọ̀nà jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí máṣíìnì bá ti ń sáré lásán, èmi náà á ju òòlù sílẹ̀, màá nawọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pariwo pé òun ń fọn gbọ́dọ̀ fọn. Ọjọ́ karùn-ún, Kò-Le-Rárá wọ ṣòkòtò dúdú kan jáde, ìbàdí rẹ̀ gba ìka mẹ́ta. Ọjọ́ kẹjọ, ó gba ìkúùkù kan. Ọjọ́ kọkànlá, okùn ló fi so ó. Láràárọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fa ìbàdí ṣòkòtò náà síwájú, á ní kí àwọn tó ń kọjá wá wo bó ṣe ṣófo tó. Onígbàjámọ̀ òdìkejì títì fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó mi orí, ó ní ọkùnrin ni ẹ́. Ó ya èmi lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ. Èmi tí mò ń jẹ ìdajì ohun tó ń jẹ, bọ́tìnnì mi ti já lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnikẹ́ni ò wo ìyàwó wa. Omi ọbẹ̀ ló ń mu. Ó ti ń fi píìnì há ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ kó má baà yọ̀ kúrò léjìká. Lọ́jọ́ kan ó yà sọ́dọ̀ mi, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí ṣòkòtò yẹn ṣe ń já bọ́ lára wọn. Ó jọ pé mo máa tó sùn." Ó dùn mí dọ́kàn. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹnu mi kún ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, a padà sílé ìwòsàn. Kò-Le-Rárá gun òṣùwọ̀n bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Nọ́ọ̀sì wo òṣùwọ̀n, ó wo ìwé, ó ní kó sọ̀kalẹ̀, kó tún gùn ún. Ó tún un gùn. Kílò mẹ́rin ló fi sanra sí i.

Ó ní òṣùwọ̀n wọn ti bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn ò le, ẹni méjì míì ṣáà wà ńbí tí òun kọ kílò wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó ní kí n gòkè. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó ní òṣùwọ̀n kì í wọn ẹsẹ̀. Mo gòkè, mo ti fi kílò méjì lé ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń wò mí, èmi ń wo àjà. Ó ku ìyàwó wa. Òun náà gòkè. Kílò mẹ́fà ti lọ lára rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tiwa ò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló rìn, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti bá a, ó sì ti sanra.

Kò-Le-Rárá bá yọ ìwé pélébé rẹ̀. Dókítà onóúnjẹ kà á sókè: "Omi ọbẹ̀, ife kan. Ebi kò pa mí." Ó ṣí i, bákan náà ni. Ó tún ṣí i, ó wá béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́. Ọkùnrin yìí ti kọ ti ọ̀la. Ó ti kọ ti ọ̀túnla. Ó ti kọ títí kan ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un gan-an, ọjọ́ tí wọ́n máa kùn ún lóorun tí kò ní mọ ibi tó wà: "Omi ọbẹ̀, ife kan. Ebi kò pa mí." Ọjọ́ kìíní ló ti kọ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ẹ fi ìwé sílẹ̀," ló wí, òógùn ti bò ó. "Ṣòkòtò mi ni kí ẹ wò. Aránṣọ ni mí, aṣọ ò lè parọ́ fún mi."

Wọ́n ní kó lọ bọ́ ṣòkòtò náà lẹ́yìn kọ́tìnì, kó wọ aṣọ ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó na ṣòkòtò sí ìyàwó rẹ̀ kó bá òun ká a. Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe. Ìyàwó aránṣọ kì í ká aṣọ láìyí inú rẹ̀ síta. Aṣọ ọba lẹ ò báà fún un, ojú rírán ló máa kọ́kọ́ wò.

Ó yí i síta. Ó rí aṣọ tí wọ́n fi lé e lọ́tùn-ún lósì, ègé tínrín kan, ìkejì, ìkẹta. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú òwú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ ọwọ́ tó ran án jù ú lọ.

"Bàbá ilé," ló wí, ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ lọ sókè, "ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ ṣòkòtò yìí?"

Ọwọ́ kan yọ, ó fa kọ́tìnì náà dé dáadáa.

Oníṣẹ́ abẹ wọlé, ó fi ẹ̀rọ wo ẹ̀dọ̀, ó ní ó ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun ò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tiwa yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mu, ẹ̀dọ̀ ló ru ọ̀ràn. Wọ́n ní kó padà sẹ́yìn ìlà. Nígbà náà ni ìyàwó wa kúnlẹ̀. Kò pariwo, ó kàn ní kí wọ́n ṣàánú òun, òun fẹ́ sùn. Oníṣẹ́ abẹ wo ìwé òṣùwọ̀n, ó rí kílò mẹ́fà yẹn, ó fà á dìde. Ó ní ààyè kan ṣí sílẹ̀ ní ìparí oṣù, torí ẹni tó ni ín ń wúkọ́. Ó ní ẹnì kan ṣáà wà nínú ilé yẹn tó lè ṣe é, nítorí rẹ̀ lòun ṣe máa fún ọkọ ní ọ̀sẹ̀ méjì míì. Ìyẹn náà ni àṣemọ.

Nígbà tá à ń bọ̀, Kò-Le-Rárá rọra bá mi rìn lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ̀ ẹ́, mo mọ̀. Nígbà kejì, mo mọ̀. Nígbà kẹta, ó ti di ọjọ́ kejì tí mo wọ̀ ọ́, mo rí i tó ń já bọ́, inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ Ọlọ́run nìyí. Mo bá ra búrẹ́dì méjì." Mo rántí ọjọ́ náà. Odidi kan ló kàn mí.

Ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn ìyàwó wa ní ṣọ́ọ̀bù, mo fojú sí ihò. Aṣọ tó fi píìnì há ló mú wá, ó ní kí ọkọ òun bá òun dín in kù. Kò-Le-Rárá wọ̀n ọ́n, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó gé ohun tó pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìyàwó wa he ègé aṣọ náà nílẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé ègé tínrín mẹ́ta tó wà nínú ṣòkòtò dúdú. Ó ṣe rẹ́gí.

"Ọ̀la la tún máa bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Omi ọbẹ̀, ife kan. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo máa jókòó sí."

Kò-Le-Rárá wo ègé aṣọ, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ó le o."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó wa fèsì. "Èmi ni mo mu ún."

Ó wá yíjú sí ara pátákó, ó wo ojú mi kòrókòró nínú ihò.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́la, ẹ mú ife tiyín dání."