Sítíkà Ara Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nínú gbogbo ohun ẹ̀yẹ tí ọmọ aráyé fi ń ṣe ara lóge, kò sí èyí tó ga tó sítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Bébà lásán ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ní àwòrán ejò tó lọ́ mọ́ ọ̀pá, àmì àwọn dókítà, kí ẹ wá wo bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ṣe máa ń kí onímọ́tò. Adé a máa wúwo, ìlẹ̀kẹ̀ a máa já. Sítíkà kò ní wàhálà kankan. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti Ọ̀fàtẹ̀dó lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Òṣogbo lójoojúmọ́, ra tirẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gba fọ́ọ̀mù ìdánwò yunifásítì. Òun kì í ṣe dókítà. Èmi náà kò tíì jókòó ìdánwò.

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ tí sítíkà yẹn ṣáájú wa dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé orúkọ mi ti sọnù nílé wa tipẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fi aṣọ àkísà di ẹsẹ̀ adìẹ kan tó ṣẹ́. Adìẹ náà kú, ṣùgbọ́n bàbá mi ti sọ mí di Dókítà. “Dókítà, lọ fọ abọ́.” “Dókítà, ta ló fọ́ ife yìí?” Lọ́dún tí mo gba ipò kejì ní kíláàsì, wọ́n na Dókítà ní pàṣán.

Nígbà tí yunifásítì wá gbà mí, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko ni wọ́n fún mi: ilẹ̀ tó ṣú dúdú, ilẹ̀ tó pọ́n, ilẹ̀ tí ebi ń pa. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá mi gbọ́, ó ṣí fìlà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

“Ọdún tó ń bọ̀, wàá yí i padà,” ó ní. “Má jẹ́ kí Yèyé gbọ́.”

Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi, àgbẹ̀ oníkòkó ní Ìpetu.

“Tí wọ́n bá wá bi mí ńkọ́, sà?”

“Ìwọ ṣáà máa rẹ́rìn-ín.”

Ọdún tó ń bọ̀ dé, kò sí ohun tó yí padà. Nígbà tí a gba ọlidé, bàbá mi gbé mi, ó di Ìpetu. A kọjá Iléṣà tán ni ọlọ́pàá kan rí sítíkà, ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá mi nàka sí mi: “Òun gan-an ni.”

Ọlọ́pàá náà bá ti orí rẹ̀ bọ ojú fèrèsé. “Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, etí mi òsì yìí ń hó.”

Mo wo inú etí ọlọ́pàá lójú títì márosẹ̀, mo mi orí. “Ẹ máa mu omi dáadáa, sà.”

Ó dúpẹ́ gan-an. Nígbà tí a ṣí, bàbá mi lu sítíárín. “Ṣé o rí i? O ti mọ̀ ọ́n ṣe!”

Àṣé ìròyìn sítíkà ti dé Ìpetu ṣáájú wa, ìlú ti pé dè wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Yèyé ń sá kòkó sí, wọ́n ti to bẹ́ǹṣì. Àwọn àgbà tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá mi ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Yèyé ló kọ́kọ́ dìde.

“Dókítà wa, ìtọ̀ kì í jẹ́ kí n sùn.”

“Ẹ máa mu omi dáadáa, sà.”

“Omi kẹ̀? Ṣebí omi náà ló ń dà mí láàmú!”

“Ẹ dín in kù nígbà náà, sà.”

Bàbá yìí yíjú sí àwọn yòókù. “Ẹ ò rí i? Dókítà gidi nìyí. Ó ń gbọ́ ti aláìsàn.”

Lẹ́yìn èyí ni Yèyé fà mí wọ yàrá. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Kùkùté ló gún un lábẹ́ àtàǹpàkò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já kòkó, egbò náà ò sì jinná. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni Yèyé ń sọ. Mo ti bó èèpo rẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Nọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ìlú ní kí n lọ sílé ìwòsàn ńlá ní Iléṣà. Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, Dókítà mi ń bọ̀.”

“Ṣé ó ń dùn yín, Yèyé?”

“Kò dùn mí rárá.”

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo fi ìka tẹ ẹ̀bá egbò náà bí a ṣe ń tẹ ilẹ̀ wò, bóyá yanrìn ni tàbí amọ̀.

“Bí kò bá ti dùn yín, ó ti ń jinná nìyẹn,” mo wí. “Ẹ máa fi omi gbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́.”

Yèyé súre fún mi títí tí àdúrà fi ń tán lẹ́nu rẹ̀ tó tún ń bẹ̀rẹ̀.

Ọlidé kò tíì parí tí wọ́n fi gbé e dé Iléṣà. Ẹsẹ̀ ti dúdú. Ìtọ̀ ṣúgà ni, a kò mọ̀. Òun ló jẹ́ kí egbò náà má dùn ún. Dókítà ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí oorun wà lójú rẹ̀, yí sí wa.

“Ta ló ní kí wọ́n máa fi iyọ̀ fọ èyí nílé?”

Kí a tó la ẹnu, Yèyé ti dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì, tìyanganyangan: “Ọmọ ọmọ mi yìí ni. Dókítà lòun náà.”

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí mi. “Háà, a jọ ń ṣe é ni! Ọdún kelòó lẹ wà?”

Mo wo bàbá mi. Fáànù òkè àjà ló ń wò, bí ẹni tó fẹ́ rà á.

“Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko ni mo ń kọ́, sà.”

Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gé ìdajì ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tí Yèyé lè sọ̀rọ̀, èmi ló kọ́kọ́ pè.

“Ilẹ̀ tí ò ń kọ́ yẹn, ṣé o lè wo ohun tó ń pa kòkó?”

“Mo lè wò ó, Yèyé.”

“Kòkó mi ẹ̀bá odò ti ń gbẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Oko ni ǹ bá fi hàn ọ́. Ẹsẹ̀ ni mo lọ ń fi hàn ọ́.” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Kí ló burú nínú ilẹ̀? Kí ni mo fi rán ọ níléèwé?”

Bàbá mi dìde. Ó jáde lọ síbi tí ọkọ̀ wà, ó ń fi èékánná họ sítíkà. Orí ejò kúrò. Ìrù kọ̀, ó wà níbẹ̀ títí bàbá mi fi ta ọkọ̀ náà.

Èmi nìkan ni mo lọ wo kòkó ẹ̀bá odò. Yèyé kò lè tẹ̀ lé mi mọ́, kò sì tún fẹsẹ̀ kan oko títí tó fi kú. Omi ló dúró sídìí àwọn igi náà, tó ń pa wọ́n. Èmi tí mo ní kí gbogbo ìlú máa mu omi! Mo jókòó lórí ebè, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé orúkọ tí a bá fi agídí gbé lé ọmọ lórí, ẹlòmíràn lè fi ẹsẹ̀ san án. Ẹ wo bí mo ṣe sọ ọ́ bí ọlọ́gbọ́n. Ọmọbìnrin mi wà ní pírámárì. Lánàá, ó ń bá mi jiyàn lórí ẹ̀bà, mo ní, “Lọ́yà, jẹun!” Sítíkà àwọn lọ́yà sì wà lára ọkọ̀ mi báyìí. Èmi ni mo rà á. Èmi náà ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.