Wuta Ọlámijùlọ

"Ọlámijùlọ, kí ló tún ń jó?"

"Ìyá Àgbà, kò sóhun tó ń jó. Wáyà lásán ni."

"Wáyà lásán ló ń rùn bí awọ ewúrẹ́ yìí?"

Gbogbo agboolé wọn ní Hayin Dogo, ní Zaria, ló ti mọ òórùn yẹn. Lọ́la ni Ọlámijùlọ máa gbé iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ lọ síwájú olùkọ́ ní yunifásítì: páálí pẹlẹbẹ kan tí wáyà kún orí ẹ̀, tó máa gba agbára bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì péré, tó máa gbé e sókè títí tó fi máa tan ogún gílóòbù LED, àwọn wínníwínní tó dà bí ojú ẹja yẹn. Páálí ọ̀hún ò gbọdọ̀ gbóná. Bó bá gbóná, agbára ti ṣòfò nìyẹn. Bí ò bá wá tàn rárá, ó di ọdún mìíràn nílé ìwé.

Títí di àárọ̀ yẹn, ooru nìkan ló ń mú jáde. Ká ní àdògán ni olùkọ́ ní kó ṣe ni, ì bá ti gba máàkì tó pé!

Ó tú wáyà, ó tún un so. Ó wé kọ́ìlì tuntun. Ó ki bátìrì bọ̀ ọ́.

Wàì!

Gbogbo ẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan náà, funfun báláú! Ó fọwọ́ kan páálí. Ó tutù nini bí omi àmù!

Ọmọ tí wọ́n bí sí Zaria, tó dàgbà sí Zaria, inú ẹ̀ kì í dùn lédè Yorùbá. Ló bá bẹ́ sójú fèrèsé:

"Wuta! Jama'a, wuta! Wuta!"

Ẹ gbà mí! Nínú ọyẹ́, tí gbogbo ọgbà koríko àdúgbò ti gbẹ bí ewé tábà! Òótọ́ ni, wuta ni Hausa ń pe iná NEPA. Wuta náà ni wọ́n sì ń pe iná tó ń jólé. Pẹ̀lú òórùn tó ti ń jáde nínú yàrá yẹn, ta ló fẹ́ dúró bèèrè èwo nínú méjèèjì?

Gbìrì gbìrì gbìrì! Malam Audu, ará ilé kejì, já wọlé tòun ti garawa omi.

"A'a, Malam! Ẹ dúró ná..."

Ṣọ̀ọ̀ọ̀ọ̀!

Páálí, bátìrì, ìwé, Ọlámijùlọ fúnra ẹ̀, gbogbo wọn ń kán tó-tó-tó.

"Malam, iná tí wọ́n fi ń ríran ni mo ń wí!"

"O ò wá sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ bèèrè orúkọ bàbá iná ni?"

Ẹ̀rín ń pa mí o! Ọlámijùlọ rọra gbé páálí kúrò nínú omi. Ó ṣì ń tàn! Ẹyọ kan ò kú níbẹ̀!

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, sáré dé láti ibi tó ti ń gúnyán.

"Ìyá Àgbà! Iná náà ò kú! Pẹ̀lú gbogbo omi yìí, iná náà ò kú!"

"Kò kú kẹ̀? Yà fún mi níbẹ̀!"

Gbòà! Ọmọ odó ti bà lé páálí. Gbòà! Ó tún là á.

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó nu òógùn ojú.

"Ó ti kú wàyí. Malam, na gode. Ẹ máa lọ sílé yín."